Ta Ló Rán Ìṣẹ́tí Yìí?

Bí àbúrò mi bá ń rìn lójú títì, kì í wo ojú ènìyàn. Ẹ̀yìn wọn ló ń wò. Ó ń ka ẹ̀yìn ẹ̀wù bí ẹlòmíì ṣe ń ka ìwé. "Ẹni tó rán ti bàbá yìí, ebi ń pa á lọ́jọ́ náà," ni yóò wí. Tàbí kó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo èjìká yẹn. Télọ̀ ẹ̀yìn ilé ìfìwéránṣẹ́ ni. Ọwọ́ òsì ló ń lò." Bí ẹ bá sì lọ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó wọ ẹ̀wù náà, bẹ́ẹ̀ ni ẹ óò ṣe bá a.

Ojú-Abẹ́rẹ́ ni gbogbo títì wa ń pè é. Télọ̀ ni, ó sì ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tó ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ maṣíìnì. Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ọmọ ìyá kan náà ni wá. Òwú, bọ́tìnì àti síìpù ni mo ń tà ní ṣọ́ọ̀bù kékeré tó fara ti tirẹ̀. Ògiri pákó kan ló wà láàárín wa: bí ó bá húkọ́, mo gbọ́, bí mo bá sín, òun ló ń kí mi pẹ̀lẹ́. Ẹ̀wù àkọ́kọ́ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé láyé yìí, èmi ló rán an fún. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ó ń bọ̀ wá wúlò.

Ìyàwó rẹ̀ ni Ìyá Ìbejì. Ó ń gbálẹ̀, ó ń nulẹ̀ ní ilé ìwòsàn tó wà nísàlẹ̀ títì, aago méjì ọ̀sán ló sì ń ṣíwọ́. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Èmi kò sì fẹ́ràn obìnrin jẹ́jẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ẹni tí kì í bínú, báwo la ṣe fẹ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀? Ọdún kejì tó wọlé ló ti bẹ ọkọ rẹ̀ pé kó kọ́ òun ní iṣẹ́ náà. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ilé kan kì í ní télọ̀ méjì," ó ní. "Bọ́tìnì ni kó o máa bá mi rán." Èmi náà rẹ́rìn-ín lẹ́yìn pákó. Obìnrin náà mú bọ́tìnì, ó ń rán an.

Lọ́dún tó kọjá, ọkùnrin kan gba ṣọ́ọ̀bù tó dojú kọ tiwa ní òdìkejì títì. Télọ̀ ni òun náà. Ó ru dígí kan wọlé tó ga ju ènìyàn lọ, tí oníbàárà á fi rí ara rẹ̀ látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Onídígí la sọ ọ́. Irùngbọ̀n rẹ̀ dúdú, ó gé e rébété, òyìnbó ló sì fi ń bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ọ̀tá ẹni kì í pòdù ọ̀yà. Àbúrò mi kò rí ohun kan ṣoṣo tó dára lọ́wọ́ ọkùnrin náà. "Ẹ wo ìparí òwú ẹ̀," ó ní fún mi lọ́jọ́ kan tí oníbàárà kan gba ibẹ̀ kọjá. "Kókó méjì ló ń ta. Ẹni tí ò fọkàn tán iṣẹ́ ara ẹ̀ ló ń ta kókó méjì. Èmi, ẹyọ kan péré, kò sì tú rí."

Ṣùgbọ́n oníbàárà ń dín kù lọ́dọ̀ wa, wọ́n ń pọ̀ sí i lọ́hùn-ún. Àbúrò mi rò ó lọ rò ó bọ̀, ó ní òyìnbó ni. Òyìnbó tí ọkùnrin yẹn ń sọ ló fi ń kó wọn lọ, kì í ṣe pé ó mọ aṣọ rán. Ló bá lọ forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì àgbà tí wọ́n ń ṣe nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì. Ó wọ́ mi dání. Orí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé la jókòó sí, orúnkún wa kan àyà.

Ọdún yẹn kan náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn abẹ́rẹ́. Á dá páálí abẹ́rẹ́ padà fún mi, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, abẹ́rẹ́ ayé òde òní ò lójú." Mo pààrọ̀ rẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀mẹta. Ó pààrọ̀ gílóòbù ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní wọn kì í tan iná gidi mọ́. Ní kíláàsì, ó ń ka pátákó ìkọ̀wé láti ẹ̀yìn pátápátá láì ṣẹ́jú, ṣùgbọ́n nínú ìwé tirẹ̀, lẹ́tà kan ń gun orí ìlà, òmíràn ń já bọ́ sísàlẹ̀. Bó bá ń ránṣọ, kì í wo aṣọ mọ́, àtàǹpàkò ló ń fi tọ ojú rírán. Mo ní ìgbéraga ni. Mo ní ọ̀gá ti dé ibi tí kì í wo iṣẹ́ rẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, Tíṣà kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sórí pátákó: under the illusion, ìyẹn lábẹ́ ìtànjẹ. Bàbá tó ti fẹ̀yìn tì ni Tíṣà, ṣọ́ọ̀kì kì í tán lápá ẹ̀wù rẹ̀.

"Ẹ má rò pé irọ́ ni o," ó ní. "Ẹni tó ń purọ́ mọ̀ pé irọ́ lòun ń pa. Ẹni tí wọ́n bá sọ èyí nípa ẹ̀, ó gba ohun tí ò rí bẹ́ẹ̀ gbọ́, ó sì fọkàn tán an. Ó jókòó sábẹ́ ẹ̀ bí èèyàn ṣe ń jókòó sábẹ́ òrùlé. Ẹ lè sọ ọ́ nípa aládùúgbò yín tó rò pé òun mọ orin kọ. Ẹ lè sọ ọ́ nípa ara yín lánàá. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè dìde níbí kó ní òun wà lábẹ́ ẹ̀ báyìí. Bó bá ti mọ̀, ó ti jáde."

Bíríkìlà tó jókòó níwájú mi nawọ́. "Tíṣà, bí mo bá wà níbẹ̀ ńkọ́? Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀?"

"O ò ní mọ̀. Ẹlòmíì ló máa ń wá sọ fún èèyàn. Wàá sì bínú sí onítọ̀hún."

A rẹ́rìn-ín. Ó ní kí oníkálukú lọ ro gbólóhùn kan wá tí yóò fi lo ọ̀rọ̀ náà.

Ní ọjọ́ kejì, ó ti lé díẹ̀ ní aago mẹ́ta ọ̀sán, mo lọ da ilẹ̀ nù ní ọ̀nà tóóró tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù Onídígí. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí. Ta ló jáde? Ìyá Ìbejì. Ó gbá ọ̀rá dúdú kan mọ́ àyà, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì yára lọ. Kò rí mi. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú agbọ̀n ilẹ̀ lọ́wọ́, mo ní: háà! Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ó yẹ kí n panu mọ́. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n àárín ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo ti wà níwájú maṣíìnì àbúrò mi, ọ̀rọ̀ náà sì gbóná lẹ́nu mi fẹlifẹli. Mo sọ ohun tí mo rí. Mo tún fi iyọ̀ sí i. Mo ní ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń jáde. Kò rẹ́rìn-ín.

Àbúrò mi dìde, ó gba ẹ̀yìnkùlé, ó já gáùn búlúù ìyàwó rẹ̀ kúrò lórí okùn tí wọ́n sá a sí. Ó fi àtàǹpàkò tọ ìṣẹ́tí rẹ̀ yípo, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀. Ibi tí òwú parí sí, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Kókó méjì," ó ní.

Ó jókòó sórí àpótí, gáùn náà lórí itan rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń ránṣọ fún obìnrin yìí. Òwú ẹlòmíì ò kan ara ẹ̀ rí. Ṣé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń wọn ìṣẹ́tí? Èèyàn á kúnlẹ̀ ni. Á fi píìnì sẹ́nu, á máa di í mọ́ ọn ní ìdí ẹsẹ̀. Ta ló kúnlẹ̀ síbi ẹsẹ̀ ìyàwó mi?"

Láti ọjọ́ yẹn, owú wọ̀ ọ́ lára bí ẹ̀wù tó fún. Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran lára, mo sì rí i bí ṣòkòtò ṣe ń tú ní ìbàdí rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ló ń dúró sí láti àárọ̀. Ó ń sọ fún mi láti ẹ̀yìn pákó iye ìgbà tí Onídígí ya irùngbọ̀n, aṣọ tó wọ̀, eyín tó fi rẹ́rìn-ín. Láti ibí dé òdìkejì títì, kò sí ohun tí kò rí. Oúnjẹ tí ìyàwó rẹ̀ bá gbé wá, á tú u wò bí ẹni pé bọ́tìnì ló sọnù síbẹ̀. "Baba Ìbejì, kí ni mo ṣe?" ni obìnrin náà bèèrè. "Kò sí," ni ó dá a lóhùn. Inú èmi ńkọ́? Inú mi dùn díẹ̀. Àbúrò mi tún ti ń bá mi sọ̀rọ̀ látàárọ̀ dalẹ́, bí ìgbà tí a wà lọ́mọdé.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ó dìde ní kíláàsì, ó sì sọ gbólóhùn tirẹ̀ ní òyìnbó tó ti há sórí fún ọjọ́ méjì: pé ìyàwó òun wà lábẹ́ ìtànjẹ pé òmùgọ̀ ni òun ọkọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Bíríkìlà wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Ó pé," ni Tíṣà wí, "bó bá jẹ́ òun ló wà níbẹ̀. Ẹ jókòó."

Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, Nọ́ọ̀sì kan láti ilé ìwòsàn yà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó wọ yunifọ́ọ̀mù funfun tuntun tí àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ rán fún un. "Ọ̀gá, ẹ ṣé o," ó ní. "Ti tẹ́lẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan gùn ju ìkejì lọ, mi ò kàn fẹ́ sọ ni. Ṣùgbọ́n èyí bá mi lára mu gan-an." Àbúrò mi kúnlẹ̀, ó tọrọ àyè, ó fi àtàǹpàkò kan ìṣẹ́tí yunifọ́ọ̀mù náà, ó bá kókó méjì. Nígbà tó dìde, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó dúró títí Nọ́ọ̀sì fi lọ tán, ó wá mú sísọ́ọ̀sì ńlá tó fi ń gé aṣọ.

"Iṣẹ́ mi ló ń gbé lọ bá a," ó ní. "Ìyàwó mi ń gbé iṣẹ́ ọwọ́ mi fún ọkùnrin yẹn, wọ́n á jọ tú u, wọ́n á jọ fi mí ṣẹ̀sín. Bí mo bá bá a níbẹ̀ lónìí, kò ní sun ilé mi mọ́. Kó kó ẹrù ẹ̀. Àwọn Ìbejì á dúró lọ́dọ̀ mi."

Aago mẹ́ta ti lù. Ó yẹ kí n di apá rẹ̀ mú, kí n gba sísọ́ọ̀sì náà. Èmi ni ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù mi ni mo tì, mo sì tẹ̀ lé e. Mo fẹ́ wà níbẹ̀.

Níwájú dígí ni a bá Onídígí, téèpù lọ́rùn, ó ń wọn ìbàdí bàbá kan. "Ẹ káàsán, ọ̀gá mi," ó ní, Yorùbá gidi ni, àní ó tẹrí ba. Àbúrò mi rí ara rẹ̀ nínú dígí tòun ti sísọ́ọ̀sì. Kò dúró. Ó ti aṣọ tí wọ́n fi gé yàrá ẹ̀yìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ìyá arúgbó kan ló jókòó sórí àga kékeré, ìyá Onídígí ni. Ìyá Ìbejì wà nídìí maṣíìnì, ó kọ̀yìn sí wa. Aṣọ kún orí tábìlì, mo sì mọ gbogbo òwú tó wà níbẹ̀ láwọ̀-láwọ̀, nítorí èmi ni mo tà á fún un. Mo ti rò pé ọkọ rẹ̀ ló ń rán an wá.

Ó yíjú padà. Sísọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ rí. Kò pariwo, ó kàn gbé ọwọ́ lé aṣọ tó ń rán.

"Ta ló ń ta kókó méjì?" ni àbúrò mi bèèrè.

"Èmi ni," ni ìyá arúgbó dáhùn. "Bí mo ṣe kọ́ ọmọ mi nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ́ òun náà. Oṣù keje rèé. Kí ló dé?"

Ìyá Ìbejì fa ẹ̀wù ilé ìwé kan yọ lábẹ́ àwọn yòókù, ó nà án sí ọkọ rẹ̀. "Ẹ gbà á wò. Apá òsì méjì ló ní."

Àbúrò mi fi ọwọ́ kàn án. "Kì í ṣe èmi ni mo rán an."

"Ẹ̀yin ni. Ẹ wá ìparí òwú ẹ̀."

Àtàǹpàkò rẹ̀ rìn, ó dúró. Kókó ẹyọ kan ni.

"Ojú yín ni, Baba Ìbejì," ó ní. "Ó ti lé lọ́dún kan. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ní gílóòbù ni. Mo ní kẹ́ ẹ kọ́ mi, ẹ rẹ́rìn-ín. Kí ni kí n ṣe? Kí n máa wo àwọn oníbàárà bí wọ́n ṣe ń lọ? Ohun tẹ́ ẹ bá rán, tó bá wọ́, mo máa ń gbé e wá síbí, màmá á kọ́ mi bí mo ṣe máa tún un rán, màá gbé e padà kílẹ̀ tó mọ́. Gáùn búlúù mi ni mo kọ́kọ́ fi kọ́ ìṣẹ́tí."

"Mo ríran!" Àbúrò mi nawọ́ síta. "Mo ń rí irùngbọ̀n ọkùnrin yẹn láti ṣọ́ọ̀bù mi!"

Obìnrin jẹ́jẹ́ náà fa abẹ́rẹ́ kan yọ láti etí tìmùtìmù, ó já òwú dúdú, ó nà wọ́n sí i. "Ẹ fi òwú bọ ojú ẹ̀."

Kò sí bí ènìyàn ṣe lè fi òwú bọ abẹ́rẹ́ pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Ó gbé sísọ́ọ̀sì kalẹ̀ sórí tábìlì. Ó fi òwú sẹ́nu, ó fi itọ́ rin ín, bó ṣe ń ṣe láti ọmọ ogún ọdún. Ó gbìyànjú, òwú gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Ó tún gbìyànjú. Ó na abẹ́rẹ́ náà jìnnà sójú, ó tún nà án títí apá rẹ̀ fi tán. Onídígí àti oníbàárà rẹ̀ ti wá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀ẹ̀kẹrin, òwú náà tẹ̀ lórí irin abẹ́rẹ́, ó sì wọ́ bọ́.

Mo nawọ́ láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi lẹ̀gbọ́n, èmi lolówùú. Àbúrò mi wo ọwọ́ mi, ó sì gbé abẹ́rẹ́ náà fún ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà kò tilẹ̀ wò ó, òwú ti wọlé.

"Ta ló tún mọ̀?" ni àbúrò mi bèèrè. "Gbogbo títì?"

"Gbogbo títì, ọmọ mi," ni ìyá arúgbó wí.

Àbúrò mi wá yíjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń jáde."

Ìyá Ìbejì náà wò mí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, mo gbàdúrà kí irú ìwò bẹ́ẹ̀ má ṣe kàn yín.

Àbúrò mi kò lé ìyàwó rẹ̀ kúrò nílé. Nọ́ọ̀sì ló bá a ṣètò awò ojú, ọ̀sẹ̀ kejì ló gbé e sójú. Maṣíìnì ti di méjì ní ṣọ́ọ̀bù báyìí, ti ìyàwó wà lẹ́bàá fèrèsé. Ẹ má rò pé owú àbúrò mi tán o, ó kàn ṣí kúrò lórí irùngbọ̀n ni. Bí oníbàárà bá wọlé tó ní, "Ìyàwó yín ni kó bá mi rán tèmi," mo máa ń gbọ́ bí maṣíìnì tirẹ̀ ṣe ń dákẹ́ lẹ́yìn pákó. Á mú ẹ̀wù tí obìnrin náà rán, á fi awò wò ó, á tún yọ awò, á fi àtàǹpàkò tọ ọ́. Lọ́jọ́ kan, mo gbọ́ tó ní, "Kókó yìí, báwo lo ṣe ń ta á?" Mo gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀ tó ń ṣàlàyé.

Èmi ni kò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi mọ́.

Ní kíláàsì tó kẹ́yìn, Tíṣà ní èmi nìkan ni mi ò tíì mú gbólóhùn wá lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Mo dìde. Òyìnbó mi kò dán, ṣùgbọ́n ó yé wọn. Mo ní mo wà lábẹ́ ìtànjẹ tẹ́lẹ̀ pé àbúrò mi ni mò ń gbà sílẹ̀.

"Ó dáa," ni Tíṣà wí. "Kí wá ni ẹ̀ ń ṣe gan-an?"

Mo jókòó. Mo mọ ìdáhùn rẹ̀. Láti ọjọ́ tí obìnrin yẹn ti wọlé ni ẹ̀wù tuntun kò ti kọ́kọ́ kàn mí mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Ìyá Ìbejì yà sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó tẹ́ ẹ̀wù kan sórí bọ́tìnì mi, àwọ̀ tí mo fẹ́ràn. "Àǹtí, tiyín ni."

"Ta ló wọ̀n mí fún ẹ?"

"Ojú ni mo fi wọ̀n yín láti ọjọ́ yìí. Ẹ bá mi wọ̀ ọ́ wò."

Ó lọ. Mo ti ilẹ̀kùn, mo wọ̀ ọ́. Èjìká bọ́ sí èjìká, apá dé ibi tó yẹ kó dé. Mo bọ́ ọ, mo yí ìṣẹ́tí rẹ̀ sóde, mo sì ń fi àtàǹpàkò tọ ọ́ yípo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ibi kókó méjì, mò ń wá ibi tó ti wọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo yí i ká. N kò rí i.